Ìkọ́ Ìbí àti Ìkọ́ Ikú nínú Ìṣàkóso Ẹ̀rọ Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ọdọọdún yìí sọ jẹ mọ́ ohun kan tí a bí sí ilé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, tí n kò sì tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní èdè wa. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ni ó pa ẹgbẹ́ tí ń kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn mi kò gùn. Lọ́nà kìíní, ohun tí a kò bá lè fi èdè ẹni ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́, a kò tí ì mọ̀ ọ́n tán. Lọ́nà kejì, àìmọ ohun yìí ti ba iṣẹ́ ìwádìí tí mo ṣe lórí èdè Yorùbá jẹ́ rí, gẹ́gẹ́ bí n ó ti ròyìn rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá fi fóònù béèrè iye owó tí ó kù fún un ní báńkì, tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wo èsì ìdánwò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó mọ ìdáhùn. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ibòmíràn tí ó gba ìbéèrè náà, tí ó wá ìdáhùn rẹ̀, tí ó sì dá a padà. Ní àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ yóò rà á, yóò gbé e sí yàrá tí ó tutù, yóò sì fi ènìyàn tì í. Olùtọ́jú náà mọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ọdẹ ti mọ ajá rẹ̀. Ó a máa sọ wọ́n lórúkọ. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, yóò jókòó tì í títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

Ní ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í yá ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó ní kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń san owó rẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Ẹ̀rọ tí a ń yá yìí kì í sábà jẹ́ odidi irin. Ìpín kan ni nínú ẹ̀rọ ńlá, a sì lè pín in jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ kan lè ní ẹ̀rọ 3 ní òwúrọ̀, kí ó ní 50 ní ọ̀sán nígbà tí ọjà bá kún, kí ó sì padà sí 5 ní alẹ́. Kò sí olùtọ́jú tí ó lè máa sáré tẹ̀lé irú ìbí àti ikú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a fi ètò kọ̀ǹpútà ṣe olórí wọn. Ètò yìí, tí n ó máa pè ní alákòóso, ní í wo bí iṣẹ́ ti pọ̀ tó, òun ní í mú ẹ̀rọ tuntun jáde, òun náà ní í pa èyí tí ó bá ṣẹ́ kù.

Ibi méjì ni ewu wà nínú ètò yìí: ibi ìbí àti ibi ikú. Ẹ̀rọ tí alákòóso ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé, tí kò tí ì mọ ọ̀nà odò. Ó ní láti wá ètò tí yóò fi ṣiṣẹ́, kí ó sì mọ ọ̀nà dé ibi tí a kó dátà pamọ́ sí. Bí a bá darí àwọn oníbàárà sí i kí ó tó parí ìmúra yìí, ilẹ̀kùn títì ni wọn yóò bá. Ti ikú tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ni alákòóso ń kà. Kì í wo ọwọ́ ẹ̀rọ bóyá iṣẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá rí i pé ẹ̀rọ 5 ti pọ̀ jù, yóò mú ọ̀kan kúrò, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ku díẹ̀ kí ó parí.

Èyí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, ohùn àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, wọ́n lé ní 400. Iṣẹ́ mi ni láti ṣe ìwọ̀n bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń lọ sókè sódò nínú ọ̀rọ̀ gígùn, kí n sì fi ti àgbà wé ti ọ̀dọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ì bá lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà mo yá ẹ̀rọ púpọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi alákòóso tì wọ́n. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a mú ohùn kan láti inú àkójọ, a fi àmì sí i pé a ti mú un, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwọ̀n rẹ̀. Ìgbà tí ó bá parí pátápátá ni yóò tó kọ èsì sílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ń tán lọ, alákòóso a máa dín ẹ̀rọ kù kí owó má baà ṣòfò. Gbogbo rẹ̀ dára lójú mi. Mo sùn, mo jí, mo bá èsì nílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Oṣù kan kọjá kí n tó ka iye èsì. Wọn kò pé. Ohùn 23 ni a ti fi àmì sí pé a ti mú, tí kò sì sí èsì wọn níbì kankan. Àwọn ẹ̀rọ tí ó mú wọn ti kú pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Iye wọn dùn mí, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n jẹ́ ni ó dùn mí jù. Ohùn tí ó gùn ni ó ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tí ó bá sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan ni ikú sábà ń bá níbẹ̀. Ta sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù nínú àwọn tí a gba ohùn wọn sílẹ̀? Àwọn arúgbó ni, àwọn tí ń pìtàn, tí wọn kì í kánjú. Odindi orí kan nínú ìwé mi ti ń sọ bí àgbà ti ń lo ohùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà gan-an kò sí níbẹ̀. Mo ya orí náà dànù. Ilé-iṣẹ́ tí mo yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ó ti pèsè ohun tí ì bá gbà mí sílẹ̀, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n lò.

Ohun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lifecycle hook. Ìkọ́ tí a ń kàn mọ́ ògiri, tí a ń fi aṣọ kọ́, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Káfíńtà tí ó kan ìkọ́ mọ́ ògiri kò mọ aṣọ tí onílé yóò fi kọ́ ọ; ó kàn fi ìkọ́ sí ibi tí ó yẹ ni. Bákan náà, àwọn tí ó ṣe alákòóso kò mọ irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ yóò máa ṣe, wọn kò sì lè mọ ohun tí ó yẹ kí ó parí kí ó tó kú. Nítorí náà wọ́n fi àyè sílẹ̀ ní àwọn ibi pàtàkì nínú ìgbésí ayé ẹ̀rọ, bí ẹni pé wọ́n ń wí pé: "Bí a bá dé ibí yìí, a ó dúró díẹ̀, fi iṣẹ́ tí o bá fẹ́ kọ́ ọ, a ó sì ṣe é." Mo dábàá pé kí á máa pe èyí tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ní ìkọ́ ìbí, kí á sì máa pe èyí tí ó wà ní òpin ní ìkọ́ ikú. Kí á yàgò fún ìwọ̀, nítorí pé ìwọ̀ ń mú ẹja ni, ohun tí a ń sọ yìí kì í sì í mú nǹkan kan. Kí akọ̀wé má sì ṣe fi àmì ohùn ṣeré, kí ìkọ́ ìbí má baà di ikọ́ tí a ń lo oògùn sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ó ti rí lọ́dọ̀ Amazon. Auto Scaling ni orúkọ alákòóso wọn. Ní ọdún 2014 ni wọ́n fi ìkọ́ sí i. Bí a bá lo ìkọ́ ìbí, ẹ̀rọ tuntun kì í bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró ní ipò tí wọ́n ń pè ní Pending:Wait, níbi tí yóò ti ṣe ìmúra rẹ̀. Nígbà tí ìmúra bá parí, a ó ránṣẹ́ sí alákòóso pé CONTINUE, èyí ni pé kí ètò máa lọ. Ìgbà náà ni a ó tó kà á mọ́ àwọn tí ń dá oníbàárà lóhùn. Bí ìmúra kò bá ṣeé ṣe, ABANDON ni iṣẹ́ tí a ó rán, èyí ni pé kí a pa á tì. Alákòóso yóò pa ẹ̀rọ náà, yóò sì mú òmíràn jáde dípò rẹ̀.

Ní ìhà ikú, ẹ̀rọ tí a ti yàn láti mú kúrò yóò wọ ipò Terminating:Wait. Ó ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ó lè parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì lè kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́. Bí a kò bá dá àkókò fún alákòóso, wákàtí 1 ni yóò fi dúró. A lè máa ránṣẹ́ sí i lóòrèkóòrè pé iṣẹ́ ṣì ń lọ, kí ó fi kún àkókò náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìdúró kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48, tàbí ìlọ́po 100 àkókò tí a dá, èyíkéyìí tí ó bá kéré jù nínú méjèèjì. Bí àkókò bá pé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, alákòóso yóò gba ìdáhùn tí a ti yàn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a kò bá yan nǹkan kan, ABANDON ni yóò kà á sí. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé ní ẹnu ọ̀nà ikú, bí a kò bá ti pàṣẹ mìíràn, kò sí èyí tí ó lè gba ẹ̀rọ náà sílẹ̀ nínú ìdáhùn méjèèjì. CONTINUE ń jẹ́ kí àwọn ìkọ́ tí ó kù parí iṣẹ́ wọn. ABANDON ń gé wọn kúrò. Ìkọ́ lè dá ikú dúró, kò lè dá a padà.

Ọ̀nà kejì ni ti Kubernetes. Inú èdè Gíríìkì ni orúkọ yìí ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni atukọ̀, ẹni tí ń darí ọkọ̀ ojú omi. Google ni ó kéde rẹ̀ ní ọdún 2014, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní ọdún 2015. Odidi kọ̀ǹpútà kọ́ ni atukọ̀ yìí ń bí tí ó sì ń pa. Àpótí iṣẹ́ ni. A di ètò kan pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí ó nílò, bí arìnrìn-àjò ti ń di ẹrù, kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yòówù tí a bá gbé e lé. Ìkọ́ méjì ni àpótí kọ̀ọ̀kan lè ní. Ti ìbí ń jẹ́ postStart, ti ikú ń jẹ́ preStop.

Ọ̀rọ̀ postStart kò gùn. A ń ṣe é ní kété tí a bá dá àpótí tán, ṣùgbọ́n kò sí ìdánilójú pé yóò ṣáájú iṣẹ́ gan-an tí a torí rẹ̀ dá àpótí náà. Méjèèjì lè jọ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohun tí iṣẹ́ kò lè ṣe aláìní kọ́ ìkọ́ yìí. Bí postStart bá sì kùnà, a ó pa àpótí náà.

Ìkọ́ ikú ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Nígbà tí atukọ̀ bá pinnu pé kí àpótí kan lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni ó ń fún un bí a kò bá yí iye náà padà. Kí a fi ọkàn sí ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ṣìnà: kíkà ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan preStop. A ó ṣe preStop, bí ó bá parí, a ó rán àmì kan tí ń jẹ́ SIGTERM sí iṣẹ́ inú àpótí, èyí tí ó dà bí kí a wí pé, "Jọ̀wọ́, palẹ̀ mọ́." Bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 bá pé tí iṣẹ́ kò tí ì dúró, a ó rán SIGKILL. Ìyẹn kò ní "jọ̀wọ́" nínú, kò sì sí ètò tí ó lè kọ̀ ọ́.

Wàyí o, ká ní preStop gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì gba 15 láti palẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó kọ preStop yóò wí pé 20 kò tó 30. Ẹni tí ó kọ ìpalẹ̀mọ́ yóò wí pé 15 kò tó 30. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35, ìṣẹ́jú-àáyá 5 tí ó lé náà ni a ó sì fi pa àpótí mọ́ ẹnu iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé preStop fúnra rẹ̀ ni kò tí ì parí nígbà tí àkókò pé, èènì kan wà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 2 péré ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń fi sí i.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ní àkókò kan náà tí a ń sọ fún àpótí pé kí ó palẹ̀ mọ́, a tún ń ránṣẹ́ sí àwọn ètò tí ń darí oníbàárà pé kí wọ́n má ṣe darí ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí iṣẹ́ méjèèjì ń gbà, èkíní sì lè dé ṣáájú èkejì. Ìyálọ́jà ti palẹ̀ ọjà mọ́, àwọn tí kò tí ì gbọ́ sì ń júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún oníbàárà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi iṣẹ́ tí ó rọrùn jù lọ kọ́ preStop: kí àpótí kàn dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kí ó máa dá àwọn tí ó bá ṣì dé lóhùn, títí ìròyìn yóò fi tàn ká. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ọ̀lẹ ni ó kọ ọ́, yóò pa á rẹ́, àwọn oníbàárà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

Ìkìlọ̀ méjì ni ó kù. Èkíní ni pé ohun tí atukọ̀ ṣe ìlérí rẹ̀ ni pé òun yóò pe ìkọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán. Kò ṣe ìlérí pé òun kò ní pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ tí a fi kọ́ ọ bá jẹ́ pé kí a ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tí a tì lẹ́ẹ̀mejì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kí a sanwó fún ẹnì kan, a ó san án lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, iṣẹ́ tí àtúnṣe rẹ̀ kò lè bà jẹ́ nìkan ni kí á máa fi kọ́ ìkọ́.

Èkejì ni ó wúwo jù, òun náà ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Ikú tí ó kan ilẹ̀kùn nìkan ni ìkọ́ ikú wúlò fún. Bí iná bá kú lójijì lórí ẹ̀rọ tí ó gbé àpótí, bí àpótí bá lo ìrántí kọ̀ǹpútà kọjá ìwọ̀n tí a sì pa á lójú ẹsẹ̀, bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá dédé ṣubú fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pe preStop. Lọ́dọ̀ Amazon pẹ̀lú, ẹ̀rọ kan wà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n ń pè ní Spot. Ilé-iṣẹ́ náà lè gbà á padà nígbà tí ó bá fẹ́, ìṣẹ́jú 2 sì ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá wákàtí 1 fún ìkọ́ ikú lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ó gbọ́n a máa pa ohun tí kò fẹ́ kí ó sọnù mọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀rọ, a sì fi ìkọ́ ikú ṣe ìdágbére nìkan.

Bí mo ti tún iṣẹ́ tèmi ṣe nìyí. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ èsì sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe dúró de òpin ohùn. Lẹ́yìn náà mo fi ọjọ́ orí sí àmì "a ti mú un": bí ẹ̀rọ kò bá sọ àmì rẹ̀ di ọ̀tun láàárín ìṣẹ́jú 10, àmì náà yóò parẹ́, ohùn náà yóò sì padà sínú àkójọ kí ẹ̀rọ mìíràn lè mú un. Ìgbà tí mo ṣe ìwọ̀nyí tán ni mo tó lo ìkọ́ ikú: bí ẹ̀rọ bá gbọ́ pé a fẹ́ mú òun kúrò, kò ní mú ohùn tuntun mọ́, yóò gbìyànjú láti parí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá sì lè parí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa àmì rẹ̀ rẹ́. Mo wá mú àwọn ẹ̀rọ náà, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n láàárín iṣẹ́, mo kìlọ̀ fún àwọn kan, n kò kìlọ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo ka èsì kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pé. Ohùn 23 ti àwọn arúgbó wa wọlé, mo sì ní láti pa ìpinnu méjì dà nínú orí tí mo tún kọ.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pé kí ẹ máa bi wọ́n ní ìbéèrè méjì nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ wọn wá. Bí a bá kìlọ̀ fún ẹ̀rọ yìí pé yóò kú, kí ni yóò ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ni yóò sì gbà? Bí a kò bá kìlọ̀ fún un ńkọ́, kí ni yóò sọnù? Ẹni tí ó bá dáhùn èkíní tí kò dáhùn èkejì, kí ó padà lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti orúkọ, mo ti fi ìkọ́ síwájú ẹgbẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.